Wáyà Abẹ́ Fèrèsé Olóyè

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe ń wú bí ẹ̀wà tó sùn sínú omi, kó sún mọ́bí, kí n sọ ti Olóyè Sàmúẹ́lì Ọláyíwọlá fún un. Òun ni Alákòóso Àgbà Ilé Ìwòsàn Òkè-Àánú ní Adó-Èkìtì ní ọdún 1978, nígbà tí Àkúrẹ́ ṣì ni olú-ìlú wa, tí gbogbo fáìlì Adó ń wọ mọ́tò lọ síbẹ̀ bí ẹni ń lọ kí àna. Olóyè kì í ṣe dókítà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun fúnra rẹ̀ kò fi í sọ́kàn rí. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa ka bẹ́ẹ̀dì, kó máa pín ọṣẹ, kó sì máa lu òǹtẹ̀ lórí ìwé. Ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ náà ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ débi pé Olóyè ti ń rò pé òun ló ń wo aláìsàn sàn.

Ní aago mẹ́jọ àárọ̀, bí Pijó rẹ̀ bá ti yọ láti ọ̀nà Fájuyì, agogo á dún. Àwọn nọ́ọ̀sì á tò sí apá kan, àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà á tò sí apá kejì. Mọ́tò ni wọ́n kọ́kọ́ ń kí. Bẹ́ẹ̀ ni, mọ́tò! "Ẹ káàárọ̀, mọ́tò Olóyè, ẹ kú ọ̀nà." Lẹ́yìn náà ni Akínọlá, akọ̀wé rẹ̀, á ṣí ilẹ̀kùn, á wá fi igbe ta: "Àràbà! Ẹ̀yin tí ẹ wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, tí ikọ́ gbogbo wọ́ọ̀dù dákẹ́!" Akínọlá yìí ní ìwé pélébé kan lápò. Bí Olóyè bá sín, ó kọ ọ́ síbẹ̀. Bí Olóyè bá ní òjò yóò rọ̀, tí òjò kò rọ̀, Akínọlá á kọ ọ́ pé ó rọ̀.

Ẹ ò tíì gbọ́ ti sákúlà, ìwé àṣẹ tó ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Sákúlà kẹrin ní kí aláìsàn kankan má ṣe kérora láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá, nítorí Olóyè ń ka fáìlì. Sákúlà kọkànlá ní lọ́jọ́ tí àlejò bá ń bọ̀ láti Àkúrẹ́, ara aláìsàn kò gbọdọ̀ gbóná kọjá ibi tí Olóyè fi ìlà pupa sí. Nọ́ọ̀sì tí ìbà aláìsàn rẹ̀ bá kọjá ìlà yóò wá kọ ìwé ẹ̀bẹ̀. Ẹ̀yin lè rẹ́rìn-ín. Àwọn tó wà níbẹ̀ kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín.

Inú ilé ìwòsàn yìí ni Monínúọlá ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ Ìjan-Èkìtì ni, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ kì í fo nǹkan. Ìjọba ti rán an lọ sí Ìbàdàn fún ọdún kan láti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ kan tó ń kọ bí ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́ sórí ìwé. Nígbà tó padà dé, ẹ̀rọ náà tẹ̀lé e nínú àpótí onípákó. Ẹ ó so okùn rọ́bà mọ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ aláìsàn, wáyà á wà lára okùn, abẹ́rẹ́ kan á sì máa fò lórí ìwé tó ń yọ jáde gbọọrọ. Ọkàn tó dára ní bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣe ń fò, èyí tó ń ṣàìsàn náà ní tirẹ̀. Kíá ni àwọn ará Adó sọ ẹ̀rọ náà ní Akọ̀wé-Ọkàn.

"Ohun tó bá gbọ́ ló ń kọ," ni Monínúọlá máa ń wí fún àwọn nọ́ọ̀sì. "Kò mọ irọ́ pa. Ṣùgbọ́n iná tó wà nínú ọkàn èèyàn kéré, iná Nẹ́pà tó wà nínú ògiri pọ̀. Bí a ò bá wá ọ̀nà tí ariwo Nẹ́pà á gbà lọ, òun ni yóò máa kọ fún wa."

Ọ̀nà náà ni wáyà kan tó gba ihò ara ògiri jáde, tí wọ́n so mọ́ ọ̀pá irin kan tí wọ́n rì sínú ilẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò gbọdọ̀ gbẹ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi da èédú àti iyọ̀ yí ọ̀pá náà ká, tí Monínúọlá sì ń bomi sí i ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Nínú gbogbo ọgbà olókùúta yẹn, ibi kan ṣoṣo tí ilẹ̀ ti rọ̀ ni abẹ́ fèrèsé Olóyè. Ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Ẹ̀rọ náà tún ní bọ́tìnì kan tó ń dán ìlà. Monínúọlá ń pè é ní asẹ́. Bí ìlà bá rí wúruwùru, èèyàn lè tẹ asẹ́ díẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní Ìbàdàn ti kìlọ̀ fún un títí: díẹ̀ ni o! Ẹni tó fi asẹ́ tó há jù sẹ́ ògì, omi lásán ni yóò bá nínú ìkòkò. Àmì àìsàn kéré, asẹ́ á gbé e mì, ìlà á sì máa dán bí orí ìgò.

Ó di ọjọ́ Ajé kan nínú ọyẹ́. Olóyè ṣí fèrèsé láti tutọ́. Ó rí Monínúọlá tó lóṣòó sísàlẹ̀, kẹ́tùlù lọ́wọ́, tí ẹnu rẹ̀ ń mì wúyẹ́wúyẹ́. Orin ṣọ́ọ̀ṣì ni ọmọbìnrin náà ń kọ sínú.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Ẹ káàárọ̀, sà. Mò ń bomi sí wáyà ilẹ̀ ni, sà."

"Wáyà kí ni?"

"Wáyà ilẹ̀, sà. Irin ló wà nísàlẹ̀, èédú àti iyọ̀ ló yí i ká. Bí kò bá sí níbẹ̀, ìkọkúkọ ni Akọ̀wé-Ọkàn á máa kọ."

Olóyè di férémù fèrèsé mú. Irin! Èédú! Iyọ̀! Omi! Ọmọbìnrin tó lóṣòó tó ń dá sọ̀rọ̀! Gbogbo rẹ̀ lábẹ́ àga tí òun ti ń jókòó láti ọdún mẹ́sàn-án! Bàbá Ìjọ ni Olóyè ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ o, ó sì ti dìde sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé ẹni tó bá ń bẹ̀rù òògùn kò tíì mọ Olúwa. Àyà rẹ̀ já pàà.

"Akínọlá! Ṣé o gbọ́ ohun tó wí?"

"Mo gbọ́, sà. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Ó ní ilẹ̀."

"Ilẹ̀!" ni Olóyè pariwo. "Ta ló ń rì nǹkan mọ́lẹ̀ de ọ̀gá rẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ̀? Iná Nẹ́pà, òkè ló ń gbà, gbogbo ayé ló ń rí i lórí òpó. Kí ló wá fẹ́ lọ ṣe nínú ilẹ̀? Ṣé ohun tí wọ́n ń kọ́ yín ní Ìbàdàn nìyí?"

Monínúọlá kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé, ó tún un ṣe. Ta ni yóò gbọ́? Wọ́n ránṣẹ́ pe Wòlíì Olúgbénga láti ilé àdúrà rẹ̀ lójú ọ̀nà Ìjan. Olóyè kò fẹ́ kí wọ́n rí òun pẹ̀lú aláṣọ funfun, nítorí náà ẹ̀yìnkùlé ni ó ní kó gbà wọlé. Wòlíì bẹ̀rẹ̀, ó wo inú ihò náà.

"Olóyè, irin ni mo rí."

"Wò ó dáadáa."

Wòlíì tún wò ó. Lẹ́yìn náà ó wo ojú Olóyè. Ó wá rí i pé kì í ṣe irin mọ́. Wọ́n gbàdúrà fún wákàtí kan, wọ́n hú ọ̀pá náà, wọ́n gé wáyà, Wòlíì sì gbé irin lọ láti lọ fi àwẹ̀ tú u. Kò tú nǹkan kan o. Irin gidi ni irin náà, ó dún dáadáa, wọ́n so ó kọ́ igi máńgòrò iwájú ilé àdúrà, wọ́n ń fi pe ìsìn. Monínúọlá gba ìwé ìkìlọ̀. Akínọlá kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé pélébé rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ìlà Akọ̀wé-Ọkàn hu irun. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá so mọ́ ọn, ìlà rẹ̀ á gbọ̀n, á hu wúruwùru. Nẹ́pà ń pariwo, ẹ̀rọ ń kọ ohun tó ń gbọ́. Wọ́n gbé ìwé kan dé iwájú Olóyè.

"Kí ló dé tí ìlà yìí ń gbọ̀n níwájú mi?"

"Nítorí wáyà ilẹ̀ tí ẹ gé ni, sà."

"Mo bi ọ́ ní ìbéèrè, o ń dárúkọ ilẹ̀ fún mi! Ṣé kò sí bọ́tìnì tí a lè fi nà án tọ́?"

Òpùrọ́ kọ́ ni Monínúọlá. Ó ní ó wà, ó sì sọ ti ògì àti ti asẹ́. Olóyè gbọ́ apá àkọ́kọ́, kò gbọ́ apá kejì. Ó ní kí wọ́n tẹ asẹ́ dé òpin. Akínọlá fi pílásítà ojú egbò lẹ bọ́tìnì náà mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má ṣe tú u. Háà, ìlà wá jọlọ̀! Òkè kéékèèké, dídọ́gba, tó ń tẹ̀lé ara wọn wọ́ọ́rọ́wọ́. Inú Olóyè dùn débi pé láti ọjọ́ náà lọ, òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé ọkàn. Sákúlà ogún jáde: aláìsàn yóò wà lẹ́yìn kọ́tìnì, kí ọkàn rẹ̀ má baà já nítorí ọlá ojú Olóyè, ìwé nìkan ni kí wọ́n nà sóde.

Láàárín oṣù mẹ́ta, ọgọ́fà èèyàn ló gba abẹ́ Akọ̀wé-Ọkàn kọjá. Gbogbo ọgọ́fà ló gba ìwé-ẹ̀rí pé ọkàn wọn pé. Olóyè kọ̀wé sí Àkúrẹ́ pé lábẹ́ àkóso òun, àrùn ọkàn ti palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ kúrò ní Adó. Àkúrẹ́ fèsì pé àwọn ń bọ̀ wá wò ó.

Nínú ọgọ́fà yẹn ni Tísà Bámgbóyè wà, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìjan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọkùnrin yìí jẹ́ fún Monínúọlá. Nígbà tí bàbá rẹ̀ ní ọmọbìnrin kò ní kàwé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Tísà fi ẹsẹ̀ rìn dé oko lọ bẹ̀ ẹ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ bàbá náà, ó bá a kọ ebè títí ọ̀sán, bàbá ní ó tó, kó máa mú ọmọ lọ. Nísinsìnyí, bí Tísà bá gun òkè díẹ̀, á dúró, á gbá àyà mú.

"Móní, ọmọ mi," ni ó wí, "àfi bí ẹni gbé ọlọ lé mi láyà. Mo dé ulé, n kò lè jẹun."

Dókítà Akínwálé, tí ilé ìwòsàn mẹ́ta ń pín lò, tí kì í dé Adó ju Ọjọ́bọ̀ lọ, gbé ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́ ìró àyà lé e láyà. Ó gbọ́, ó tún un gbọ́, ojú rẹ̀ le. "Kí bàbá yìí lọ sí Ìbàdàn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Kò gbọdọ̀ sáré, kò gbọdọ̀ gbé ẹrù." Ó kọ̀wé. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn kì í gba ìwé tí kò ní òǹtẹ̀, òǹtẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀.

"Ìbàdàn?" Olóyè ju ìwé náà sórí tábìlì. "Kí n fi ọwọ́ ara mi kọ̀wé pé ilé ìwòsàn tó ní Akọ̀wé-Ọkàn kò mọ ọkàn? Tísà, ìwé rẹ nìyí. Ìlà rẹ dán ju ojú mi lọ."

"Ẹ ṣàánú mi, Olóyè," ni Tísà wí. "Ìlà ń dán, èmi ni mi ò lè mí."

"Dókítà fi etí gbọ́, ẹ̀rọ fi iná gbọ́. Èwo ló dàgbà?"

"Iná ló dàgbà, sà!" ni Akínọlá dáhùn.

Olóyè bá dìde. Nígbàkigbà tí ó bá dìde báyìí, ọgbọ́n ń bọ̀ nìyẹn. "Èmi kì í ṣe òǹrorò. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, àwọn ará Àkúrẹ́ yóò wà níbí. N ó ka ìwé ọkàn rẹ lójú wọn. Lẹ́yìn náà, ìwọ yóò sáré yí pápá yẹn ká lẹ́ẹ̀mẹta. Bí o bá sá a tán, ara rẹ le, kò sí ìdí fún Ìbàdàn. Bí o bá ṣubú, nígbà náà ni n ó lu òǹtẹ̀."

Ẹ gbọ́ ìdájọ́! Kí èèyàn kọ́kọ́ kú, kí wọ́n tó gbà pé ara rẹ̀ kò yá! Dókítà bínú, ó ní òun yóò kọ̀wé sí Àkúrẹ́. Wọ́n ní fáìlì náà á gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tísà ní òun yóò sáré. "Bí n kò bá sá a, kò sí Ìbàdàn," ni ó wí fún Monínúọlá lójú ọ̀nà. "N ó rọra sá a, n ó sì rọra ṣubú." Monínúọlá wo òógùn tó bo iwájú orí rẹ̀ láti ọ́fíìsì dé géètì péré, inú bí i débi pé omijé bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ku ọjọ́ méjì. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Monínúọlá da okùn rọ́bà àti wáyà rẹ̀ sínú abọ́ omi oníyọ̀ láti fọ̀ wọ́n, ó sì gbàgbé láti pa ẹ̀rọ. Ó gbọ́ tí abẹ́rẹ́ ń họ ìwé. Ó yíjú. Akọ̀wé-Ọkàn ń kọ! Òkè kéékèèké, dídọ́gba, wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó sáré mú ìwé Tísà nínú fáìlì, ó gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ọ̀kan náà ni wọ́n. Nẹ́pà tí asẹ́ ti sọ di jẹ́ẹ́jẹ́ ni wọ́n ti ń kà láti oṣù mẹ́ta. Ó gbé e lọ bá Akínọlá pé abọ́ omi ní ọkàn.

Akínọlá wo ìwé, ó wo ilẹ̀kùn Olóyè. "Kọ ọ́ sílẹ̀ pé abọ́ náà lera," ni ó wí, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Monínúọlá rò ó pé bí òun bá gbé abọ́ omi dé iwájú àlejò, Olóyè á ní òògùn ló wà nínú omi. Ó gbọdọ̀ jẹ́ ohun tí ọmọ Èkìtì kankan kò lè rí kó ní òun kò mọ̀ ọ́n. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, bí ó ti ń kọjá lẹ́yìn ilé ìdáná, ó gbọ́ ìró odó. Wọ́n ń gún iyán àlejò. Monínúọlá dúró gbọn-in.

"Ìyá Abọ́sẹ̀dé," ni ó wí fún alásè, "ẹ bá mi mọ òkìtì kan tó tó orí ọmọ ọdún kan. Ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa, kí ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí omi tí ẹ fi ń yí i."

"Iyọ̀ nínú uyán? Orí rẹ dá pé?"

"Ẹ̀mí Tísà ni, ìyá."

Ìyá Abọ́sẹ̀dé kò tún bèèrè. Tísà ló kọ́ ọmọ tirẹ̀ náà. Ó mọ ọ́n roboto, ó fi àwo funfun bò ó.

Àlejò dé. Ìyáàfin Adéọlá, Alábẹ̀wò Àgbà láti Àkúrẹ́, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ogún ọdún kó tó di ọ̀gá. Wọ́n ní kó kí mọ́tò Olóyè, ó ní òun kò mọ̀ ọ́n rí. Olóyè sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án. Ó ní nígbà tí òun dé Òkè-Àánú, ọkàn àwọn èèyàn ń lù bó ṣe wù wọ́n, láìsí àṣẹ. Òun ló kọ́ wọn ní ìtẹríba. Àwọn aláìsàn tó wà lórí bẹ́ńṣì pàtẹ́wọ́, nítorí sákúlà kejìdínlógún.

Lẹ́yìn kọ́tìnì, Monínúọlá ní kí Tísà jókòó sórí àpótí. Ó gbé iyán sórí bẹ́ẹ̀dì, lórí aṣọ funfun. Ó so okùn rọ́bà mọ́ ọn nídìí. Bí ẹ̀rọ bá kọ̀ láti kọ ńkọ́? Ó tan iná. Abẹ́rẹ́ fò. Ó na ìwé sóde.

Olóyè gbà á, ó gbé e sókè kí oòrùn lè rí i.

"Màdámù, èyí ni ọkàn Tísà Bámgbóyè, tí àwọn kan ń fi Ìbàdàn dẹ́rù bà. Ẹ wo òkè wọ̀nyí, bí wọ́n ṣe tò bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tó ń lọ sí ìsìn! Ọkàn ẹni tó jẹun re, tó sùn re, nìyí. Mo rí ìfaradà nínú rẹ̀. Mo rí ẹ̀mí gígùn. Bí ọkàn yìí bá gbéra láti ibí, Ìjan ni yóò ti mí!"

"Ọkàn akọni, sà!" ni Akínọlá wí.

"Ṣé ó dá yín lójú?" ni Ìyáàfin Adéọlá bèèrè.

"Màdámù, mo fi àga mi dúró lé e." Ó lu òǹtẹ̀, gbà! "Kí Tísà bọ́ sí pápá!"

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí i." Obìnrin náà dìde, ó fa kọ́tìnì.

Olóyè Ọláyíwọlá ti fi ogún ọdún fi imú sọ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n má baà mọ̀ pé ilé kan báyìí ní Ìlawẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Lọ́jọ́ yẹn, imú gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀.

"Uyán!" ni ó ké.

Iyán ni o. Ó jókòó sórí aṣọ funfun, okùn nídìí, wáyà lára, ó ń wo gbogbo wọn. Tísà jókòó tì í, ó gbá àyà mú. Abẹ́rẹ́ kò dáwọ́ dúró, ó ń kọ ìlera iyán lọ gbọọrọ. Ìyá àgbà kan lórí bẹ́ńṣì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ gbà mí o, ṣé uyán ọ̀hún ló ń lọ sáré?"

Ẹ̀rín bú! Àwọn nọ́ọ̀sì tí kò rẹ́rìn-ín láti ọdún mẹ́sàn-án di ògiri mú. Aláìsàn tí ikọ́ ń dà láàmú rẹ́rìn-ín débi tó jábọ́ lórí bẹ́ńṣì. Ìyáàfin Adéọlá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó mú ìwé tó ní òǹtẹ̀ tútù lára, ó kà á, ó wo Monínúọlá. "Ọmọ mi, ṣàlàyé."

Monínúọlá ṣàlàyé. Ó sọ ti wáyà ilẹ̀, ti asẹ́ àti ògì, ti abọ́ omi. "Gbogbo ọgọ́fà ìwé yẹn, mà, a kò tíì gbọ́ ọkàn ẹnì kankan nínú wọn."

"Irọ́ ni!" Olóyè ń làágùn. "Ta ló yọ wáyà? Ta ló rí i?"

Gbogbo ojú yí sí Akínọlá. Akínọlá wo Olóyè, ó wo Alábẹ̀wò, ó wọn àwọn méjèèjì wò lójú, ó sì rí èyí tó wúwo. Ó yọ ìwé pélébé rẹ̀. Ó gbé ohùn sókè bí i tàárọ̀: "Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kejì: Olóyè, akọni, ṣẹ́gun irin burúkú lábẹ́ fèrèsé, ó ní kí a gé wáyà rẹ̀. Ọjọ́ kẹrìnlá: Olóyè, ọlọ́gbọ́n, pàṣẹ kí a fi pílásítà lẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀. Ọmọbìnrin náà ní kí a má ṣe é. Olóyè, àràbà, kò dá a lóhùn."

Ìyìn tó ń kọ láti ọjọ́ yìí ló wá di ẹ̀rí. Mo ti sọ fún yín pé kò sí ohun tí kì í kọ.

Pijó Olóyè ni wọ́n gbé lọ sí ilé àdúrà. Irin ń dún lọ́wọ́ lórí igi máńgòrò nígbà tí wọ́n dé. Wòlíì tú u sílẹ̀ láìbèèrè nǹkan kan. "Mo sọ fún Olóyè pé irin ni," ni ó wí. Wọ́n rì í padà, wọ́n so wáyà mọ́ ọn, wọ́n da èédú, wọ́n da iyọ̀, Monínúọlá bomi sí i. Ó ṣí pílásítà kúrò lójú asẹ́. Tísà wá sùn sórí bẹ́ẹ̀dì gan-an. Ìlà tó jáde lọ́tẹ̀ yìí kò dán, kò sì lẹ́wà. Dókítà Akínwálé fi ìka tọ́ ọ láti òpin dé òpin, ó kan ibì kan, ó dúró. "Ká ní ó sáré yípo kan," ni ó wí, kò parí rẹ̀.

Ìyáàfin Adéọlá mú òǹtẹ̀ lórí tábìlì Olóyè, ó lù ú sórí ìwé Ìbàdàn. Pijó náà tún gbéra, Tísà wà lẹ́yìn níbi tí Olóyè máa ń jókòó. Ọ̀sẹ̀ méje ló lò níbẹ̀. Ó padà sí Ìjan pẹ̀lú òògùn nínú àpò, ó sì tún ń kọ́ ọmọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí àga ló ti ń kọ́ wọn.

Àwọn yòókù nínú ọgọ́fà ńkọ́? Wọ́n ránṣẹ́ pe gbogbo wọn padà. Àìsàn wà lára mẹ́sàn-án, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú wọn. Àwọn méjì kò wá. Ilẹ̀ ti gbà wọ́n kí ìwé ìpè tó dé ilé wọn. Ọ̀kan nínú àwọn méjì náà, wọ́n bá ìwé-ẹ̀rí Olóyè lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ fi ẹ̀rín gbàgbé èyí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ iyán, fáìlì dé láti Àkúrẹ́, ó gba àga tí Olóyè fi dúró lé iyán. Kò sí ẹni tó tún kí mọ́tò. Bí ó bá ń kọjá ní Fájuyì, àwọn oníṣòwò á máa kí i tìtẹríbatìtẹríba: "Ẹ kú ọ̀nà, Olóyè Uyán." Ó rò pé á pẹ́ díẹ̀, wọn á gbàgbé. Iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, èyí kò tíì pé ọdún kan.

Ó ku ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọyẹ́ ọdún kejì. Monínúọlá wà lẹ́nu iṣẹ́, ó gbọ́ tí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn pẹ̀lẹ́. Olóyè ni. Ó ti gbẹ, ó gbá àyà mú. Ó ti tò lórí bẹ́ńṣì láti àárọ̀, ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ fún un.

"Ó dà bí ẹni gbé ọlọ lé mi láyà," ni ó wí.

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Monínúọlá. Ọ̀rọ̀ burúkú kan dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ó gbé e mì. "Ẹ sùn síbí, sà."

Olóyè kò sùn. Ó ń wo ara ògiri, ibi tí wáyà gbà jáde. "Ọmọ mi, jọ̀wọ́. Ìyẹn tó wọ ilẹ̀... ó ṣì wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, sà."

Kò dá a lójú. Ó jáde, ó yí ilé po dé abẹ́ fèrèsé tó jẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Monínúọlá gba ojú fèrèsé wò ó. Bàbá Ìjọ bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan irin, ó fọwọ́ kan wáyà, ó rí i pé ilẹ̀ ti ń gbẹ. Ó bèèrè kẹ́tùlù. Ó lóṣòó sójú oòrùn, ó ń bomi sí i díẹ̀díẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń mì wúyẹ́wúyẹ́.

"Ṣé ó ti tó, àbí kí n tún bù sí i?"

"Ó ti tó, sà."

Ó wọlé, ó sùn, ó nawọ́ nasẹ̀ kí wọ́n so ó. "Má tẹ asẹ́ yẹn o, ọmọ mi."

"Mi ò ní tẹ̀ ẹ́."

Abẹ́rẹ́ fò, ìwé ń yọ jáde, kò dán. Olóyè gbé orí sókè, ó wo ìlà náà títí. Ẹni tó ti ka ọgọ́fà ọkàn láìrí ọ̀kan kò mọ ohun tó rí mọ́.

"Kí ló kọ?"

Monínúọlá ya ìwé náà, ó ń gbé e lọ fún dókítà.

"Ohun tó gbọ́ ni, sà."